Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Lára Ẹni Tó Ń Ṣe Dialysis: Ohun Tí Iṣẹ́ Yìí Kọ́ Mi

Nínú gbogbo ìbéèrè tí àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ (ìyẹn dialysis) àti àwọn ẹbí wọn máa ń bi mí, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé: "Nọ́ọ̀sì, mo ti gba abẹ́rẹ́ hepatitis, ṣé kò lè ràn mí mọ́ báyìí?" Hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò ń fà, ni wọ́n ń sọ. Ohun kan náà ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn: ẹ jẹ́ kí n rí èsì àyẹ̀wò anti-HBs yín, èyí tó ń wọn èròjà ìdáàbòbò tí ara ti ṣe sí kòkòrò náà. Bí èsì yẹn kò bá sí, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹ ní ààbò, bó ti wù kí káàdì abẹ́rẹ́ yín kún tó.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa lè gba abẹ́rẹ́ kó sì máa lọ sílé. Nínú 100 àgbàlagbà tí ara wọn dá pé, ó lé ní 90 tí abẹ́rẹ́ hepatitis B máa ń mú lára wọn. Láàárín àwọn tó ń ṣe dialysis, nǹkan bí 50 sí 60 nínú 100 ni a sábà máa ń rí. Bí a bá sọ òṣùwọ̀n oògùn náà di ìlọ́po méjì, tí a sì gún un ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, iye yìí máa ń gòkè, ó tilẹ̀ ń kọjá 80 ní àwọn ibòmíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo ló ti ń rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mú lára wọn pàápàá, ààbò náà kì í pẹ́ lára wọn bó ṣe ń pẹ́ lára ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ fi gùn ní yàrá dialysis: a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó gún un, a ó gún un ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, a ó tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀, a ó sì máa padà wò ó lọ́dọọdún.

Hepatitis B, tí àwọn kan ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, ló ṣe pàtàkì jù nítorí pé inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé, ẹ̀jẹ̀ sì ni iṣẹ́ wa. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2018 fi hàn pé 8.1 nínú 100 àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló ní kòkòrò yìí lára. Ìyẹn ni pé bí ènìyàn 12 bá jókòó sí yàrá dialysis kan, kò ní yani lẹ́nu bí ọ̀kan nínú wọn bá ní in láìmọ̀. Kòkòrò náà lè wà láàyè fún ọjọ́ méje, ó kéré tán, lójú ẹ̀rọ, lórí tábìlì, lára àlùmọ́gàjí, nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ tó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Ní Edinburgh, ní Scotland, láàárín 1969 sí 1970, ó jà ní ẹ̀ka dialysis, ó pa aláìsàn, ó sì pa òṣìṣẹ́ ìlera pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, ní 1974, nǹkan bí 6 nínú 100 aláìsàn dialysis ló ń kó o láàárín ọdún kan. Ohun tó kọ́kọ́ mú iye yẹn wálẹ̀ kì í ṣe abẹ́rẹ́, torí pé 1982 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó níbẹ̀. Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ àti yàrá ọ̀tọ̀ fún ẹni tó ní kòkòrò náà ni, pẹ̀lú pípààrọ̀ ìbọ̀wọ́ bí a bá ti ń kúrò lọ́dọ̀ aláìsàn kan bọ́ sọ́dọ̀ èkejì, àti àìfa heparin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) ènìyàn méjì láti inú ìgò kan náà. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mo ti gbọ́ ọ létí ara mi níbi tí wọ́n ti ń sọ pé ìmọ́tótó ò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́, gbogbo aláìsàn ṣáà ti gba abẹ́rẹ́. Nígbà tí abẹ́rẹ́ náà kò sì mú lára bí ìdajì wọn ńkọ́?

Kí ló dé tí kì í fi mú? Abẹ́rẹ́ àjẹsára dà bí ìgbà tí a fi àwòrán olè han ọlọ́dẹ àdúgbò kó lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ tó bá dé. Lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́, ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìtọ̀ jáde ti kún inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń da ọlọ́dẹ náà láàmú débi pé kì í wo àwòrán yẹn dáadáa. Ẹni tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀, tí albumin rẹ̀ (èròjà amáradàgbà inú ẹ̀jẹ̀) wà nílẹ̀, ara rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi ṣe èròjà ìdáàbòbò. Ọjọ́ orí, àtọ̀gbẹ, àti oògùn bíi prednisolone ń dín agbára rẹ̀ kù bákan náà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni dialysis tí kò tó: ẹni tó yẹ kó wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni agbára rẹ̀ ká. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó dialysis ẹ̀ẹ̀kan yóò wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, UCH Ìbàdàn, LUTH àti FMC Abẹ́òkúta wà lára wọn. Ẹni tó bá rí àǹfààní yẹn lò, kó fi kún iye ìgbà tó ń wá; ara tó mọ́ ń gba abẹ́rẹ́ ju ara tó kún fún ìdọ̀tí lọ.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ yóò fọ oògùn náà dànù. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Inú ẹran ara ni a gún un sí, kì í ṣe inú iṣan ẹ̀jẹ̀, èròjà ìdáàbòbò tí ara ń ṣe sì tóbi ju ihò asẹ́ ẹ̀rọ náà lọ.

Ìgbà tó dára jù láti gba abẹ́rẹ́ yìí ni kí ènìyàn tó dé orí ẹ̀rọ rárá. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tí dókítà ti sọ fún pé creatinine rẹ̀ (ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń yọ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀) ń gòkè, ọ̀dọ̀ dókítà yẹn ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí kíndìnrín ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa, ọjọ́ tí wọ́n fi rọ́bà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹ̀rọ sí wọn lọ́rùn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ náà. Bí ó bá ti pẹ́ báyẹn, kí wọ́n má tún dúró dìgbà kankan. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó gún ti àkọ́kọ́, a ó fa ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò mẹ́ta: HBsAg, tó ń wá àmì kòkòrò náà fúnra rẹ̀; anti-HBc, tó ń fi hàn pé kòkòrò náà ti wọ ara rí; àti anti-HBs. Bí HBsAg bá wà, kòkòrò náà ti wà lára nìyẹn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò wúlò fún un, ọ̀dọ̀ dókítà ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó lọ, ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ló sì yẹ kó máa lò. Bí anti-HBc àti anti-HBs bá jọ wà láìsí HBsAg, ó ti kó o rí, ara rẹ̀ sì ti borí rẹ̀. Bí anti-HBc nìkan bá wà, a ó ṣe àyẹ̀wò HBV DNA, tó ń wá kòkòrò náà gan-an nínú ẹ̀jẹ̀, kí a tó sọ ohunkóhun. Bí kò bá sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tí abẹ́rẹ́ wà fún gan-an nìyẹn. A lè gún ti àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí a fa ẹ̀jẹ̀, kò pọn dandan kí a dúró de èsì, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fà.

Nípa òṣùwọ̀n ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ìgò àgbàlagbà tó wọ́pọ̀, bíi ti Engerix-B, máíkrógíráàmù 20 ló wà nínú mílílítà kan. Aláìsàn dialysis nílò 40 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn ìgò méjì. Ọjọ́ kìíní, lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù méjì, àti lẹ́yìn oṣù mẹ́fà láti ọjọ́ kìíní ni a ó gún un: ìgò mẹ́jọ lápapọ̀. Ẹni tó bá lọ sí ilé oògùn láìmú ìwé dókítà dání, ìgò mẹ́ta ni wọn yóò tà fún un, nítorí pé ìyẹn ni ti gbogbo ènìyàn. Nígbà mìíràn ìgò ọmọdé ni wọ́n tilẹ̀ fún un, tó jẹ́ máíkrógíráàmù 10 péré nínú ìdajì mílílítà. Ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà, ẹ má wo bó ṣe tóbi tó. Oògùn mìíràn ní ìlànà tirẹ̀: Recombivax HB ti aláìsàn dialysis ní 40 nínú mílílítà kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún un, ní oṣù òdo, ìkíní àti ìkẹfà. Fendrix tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù jẹ́ 20, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni, a kì í sì í sọ ọ́ di ìlọ́po méjì torí wọ́n ti fi èròjà tó ń ta ara jí sí i.

Bí owó tàbí ìrìn àjò bá mú kí ènìyàn pàdánù ti oṣù kejì, kó má bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tó dúró sí ni kó ti tẹ̀ síwájú, kó sì tètè ṣe é. Mo ti rí àwọn tó jẹ́ pé torí wọ́n pààrọ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n gba ti àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ní ibi mẹ́ta, wọn kò sì gba ti ìkẹyìn rí. Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́, orúkọ oògùn, òṣùwọ̀n, nọ́ńbà tó wà lára ìgò àti apá tí wọ́n gún sí.

Apá lókè, nítòsí èjìká, ni a ń gún un sí. Ìdí kọ́. Ọ̀rá pọ̀ níbẹ̀, oògùn tó bá dúró sínú ọ̀rá kì í fi bẹ́ẹ̀ mú. Abẹ́rẹ́ tó gùn tó mílímítà 25 tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó sanra lè nílò 38. Apá tí fístúlà (iṣan tí wọ́n so pọ̀ fún dialysis) wà ni a kì í fọwọ́ kàn, yálà fún abẹ́rẹ́ tàbí fún wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Torí náà, apá kejì ni ìgò méjèèjì yóò lọ, a ó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ sáàárín ojú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ àti èkejì. Bí apá méjèèjì kò bá ṣeé lò, a ó lo ẹ̀gbẹ́ itan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gún un kí wọ́n tó fi heparin sínú ẹ̀rọ, tàbí lọ́jọ́ tí dialysis kò sí. Bí heparin bá ti wà lára, ojú abẹ́rẹ́ lè wú, kó sì dúdú. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, nọ́ńbà 23 tàbí 25, ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n fi òwú tẹ ojú rẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n má fi ọwọ́ ra á.

Ọ̀rọ̀ fìríìjì wá ńkọ́? Dígírì 2 sí 8 ni abẹ́rẹ́ hepatitis B ń gbé. Ooru kò dára fún un, àmọ́ òtútù tó sọ ọ́ di yìnyín ló ń bà á jẹ́ pátápátá, nítorí pé oògùn náà so mọ́ èròjà aluminium tó ń dì bí ó bá ti di yìnyín, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Ó wọ́pọ̀ kí àwọn ènìyàn fi ìgò rẹ̀ sí ẹ̀bá ibi tí yìnyín ti ń dì nínú fìríìjì kékeré, pé torí iná NEPA. Ó tún wọ́pọ̀ kí aláìsàn ra oògùn ní ilé oògùn, kí wọ́n jù ú sínú ọ̀rá pọ̀ mọ́ yìnyín líle tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fírísà. Ẹ jẹ́ kí yìnyín náà kọ́kọ́ yọ́ díẹ̀ títí omi yóò fi máa mì nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ tàbí bébà sáàárín òun àti ìgò. Bí nọ́ọ̀sì bá fura sí ìgò kan, kó mú òmíràn nínú irú rẹ̀ kan náà, kó mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ di yìnyín, kó jẹ́ kó yọ́, kó gbọn méjèèjì, kó sì gbé wọn kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Bí èyí tó ń fura sí bá silẹ̀ bí èyí tó di yìnyín, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn tí òkè rẹ̀ sì mọ́ kedere, kó dà á nù.

Lẹ́yìn ti ìkẹyìn, oṣù kan sí méjì ni kí a fa ẹ̀jẹ̀ fún anti-HBs. Kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: bó bá pẹ́ jù, tí nọ́ńbà náà sì wà nílẹ̀, a kò ní mọ̀ bóyá kò mú rárá ni, tàbí ó mú ṣùgbọ́n ó ti rọ̀. Ẹ béèrè fún èyí tó ń sọ iye. Bébà àyẹ̀wò olójú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ sí, tó ń fi ìlà kan tàbí méjì hàn, kò sọ iye, kò sì wúlò níbí. Bí iye bá tó 10 lórí òṣùwọ̀n mIU/mL, ààbò wà. Bí ó bá lé ní 100, a máa ń fọkàn balẹ̀ jù, torí ẹni tó ní 15 tàbí 20 lónìí lè má ní nǹkan kan kí ọdún tó yípo. Lọ́dọọdún ni kí a wò ó. Bó bá ti wà lábẹ́ 10 lára ẹni tó ti mú rí, a ó gún 40 mìíràn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba HBIG, ìyẹn èròjà ìdáàbòbò tí wọ́n fà lára ẹlòmíràn, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, kó sọ fún dókítà kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí èròjà ẹlòmíràn lè máa ṣàn lára rẹ̀ tí a ó rò pé tirẹ̀ ni.

Ewu kan wà níbí tí mo fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ dialysis mọ̀. Abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ lè mú kí àyẹ̀wò HBsAg sọ pé kòkòrò wà láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta sí ìgbà tí a gún un, bẹ́ẹ̀ kò sí kòkòrò kankan. Bí wọ́n bá wá fi ìkánjú gbé aláìsàn yìí lọ sórí ẹ̀rọ àwọn tó ní hepatitis B ní tòótọ́, ibẹ̀ gan-an ló ti lè kó o. Ẹ má ṣe àyẹ̀wò HBsAg láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí ọjọ́ abẹ́rẹ́; bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó gbé ẹnikẹ́ni kúrò níbi tó wà.

Bí kò bá tó 10 lẹ́yìn ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó tún ìpele náà ṣe lódindi, a ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń mú lára àwọn kan ní ìgbà kejì yìí. Àwọn ibìkan ń gún oògùn díẹ̀díẹ̀ sínú awọ fún àwọn tí kò mú lára wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ó nílò ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mú lára rẹ̀ rárá, oṣooṣù ni kó máa ṣe HBsAg. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní kòkòrò bá ta sí i, HBIG ni, mílílítà 0.06 fún kílò kọ̀ọ̀kan: ẹni tó wọ̀n kílò 70 yóò gba 4.2, yóò sì tún gba òmíràn lẹ́yìn oṣù kan.

Àwọn ará wa tó ń ṣe dialysis ní Bìrìtéènì, tí wọ́n fẹ́ wá sílé wá ṣe ọdún tàbí ṣe òkú, tí wọ́n sì máa lo ẹ̀rọ ní Nàìjíríà: ìlànà ibẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé bí ẹ kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ afikún láàárín oṣù 12, kí ẹ gbà á kí ẹ tó wá. Ẹ sọ fún ẹ̀ka yín ṣáájú, torí wọn yóò tún fẹ́ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò lemọ́lemọ́ bí ẹ bá padà dé.

Ti Kòrónà kò yàtọ̀ púpọ̀. Abẹ́rẹ́ méjì mú lára ọ̀pọ̀ aláìsàn dialysis, àmọ́ èròjà ìdáàbòbò wọn kéré sí ti ẹlòmíràn, ó sì ń rọ̀ láàárín oṣù díẹ̀; ìkẹta ló ń gbé e sókè. AstraZeneca tí Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ ní March 2021 mú lára wọn díẹ̀ sí ti Pfizer àti Moderna. Síbẹ̀, àwọn tó gbà á kì í fi bẹ́ẹ̀ kú bí àwọn tí kò gbà á. Abẹ́rẹ́ flu, ọdọọdún ni, èyí tí wọ́n ń gún ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fín sí imú. Ti òtútù àyà, PCV20 lẹ́ẹ̀kan tó. Bí PCV13 tàbí PCV15 ni ẹ rí, ẹ fi PPSV23 tẹ̀lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó kéré tán. Inú àpò ara ẹni ni owó ìwọ̀nyí ti ń jáde lọ́dọ̀ wa, torí náà hepatitis B ni mo máa ń ní kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó kọ́kọ́ san.

Èyí tó kù kan àwọn tó ń múra àtilọ pààrọ̀ kíndìnrín ní Íńdíà. Íńdíà kì í gba arìnrìn-àjò láti Nàìjíríà láìsí yẹ́lò káàdì, ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ni káàdì náà sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Kòkòrò alààyè tí wọ́n ti dín agbára rẹ̀ kù ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ gún un, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nítorí pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín tuntun kò ní jẹ́ kí ara lè dá kòkòrò náà dúró. A kì í sì í fún ẹni tó ti pààrọ̀ kíndìnrín ní abẹ́rẹ́ náà mọ́. Ẹni tó bá sáré gbà á ní ọjọ́ mẹ́wàá kó tó wọ bàálù, tí wọ́n sì ti fi iṣẹ́ abẹ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ti wọ inú ewu. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ dárúkọ Íńdíà ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kíndìnrín yín bóyá ara yín lè gbà á. Bí ẹ bá ti gbà á rí, ẹ wá káàdì náà jáde. Láti July 2016, kò sí pé ó parí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá mọ́, títí ayé ni. Ẹ má tún lọ gba òmíràn.